Ṣé Ètò Ni Ó Ń Ba Adùn Eré Kẹ̀kẹ́ Jẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lójú ewé yìí bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀ kan ní Lokogoma, ní Àbújá, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ọjọ́ náà ni àwọn ọkùnrin sá eré ojú ọ̀nà nínú Ìdíje Àgbáyé fún kẹ̀kẹ́ ológeere ní Kigali, olú-ìlú Rùwáńdà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje náà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Aládùúgbò mi kan, àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ní kí n wá bá òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ wò ó. Ọ̀nà tí wọ́n gùn ju kìlómítà 260 lọ, òkè lẹ́yìn òkè sì ni.

Nígbà tí ó ku nǹkan bíi kìlómítà 104, Tadej Pogačar, ọmọ orílẹ̀-èdè Sloféníà, tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ta jáde kúrò láàrin àwọn tí wọ́n jọ ń bọ̀. Àwọn méjì tí ó bá a lọ, Juan Ayuso ará Spéènì àti Isaac del Toro ará Mẹ́síkò, kò lè bá a dé òpin. A dìde, a lọ kírun Àìlà, a jẹun, a padà wá jókòó; òun náà ni ó ṣì wà níwájú. Remco Evenepoel ará Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó ṣe ipò kejì, fi ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 28 wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ju 160 lọ. 30 péré ni ó parí eré náà.

Aládùúgbò mi mí kanlẹ̀, ó ní: "Eré yìí ti sú mi. Wọ́n ti ṣètò gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó jí láàárọ̀. Kí ni mo tún ń wò?" Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, rọra dáhùn pé: "Bàbá, ẹ má bínú, lójú tèmi, ètò yẹn gan-an ni eré náà." Bàbá wo ọmọ, ọmọ wo ilẹ̀, èmi sì gbé ìbéèrè náà lọ sílé. Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì?

Iṣẹ́ tí ikọ̀ ń ṣe

Ẹni tí kò bá mọ eré yìí lè rò pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù ni yóò borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí agunkẹ̀kẹ́ ní. Ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń fi àyà gbà á. Ẹni tí ó fara mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí lè dín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kù nínú agbára tí ì bá lò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fẹsẹ̀ rìn nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lẹ́yìn ẹni tí ó síngbọnlẹ̀ jù ú lọ yóò mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gùn ún ní ikọ̀-ikọ̀. Nínú Tour de France, eré tí ó ti wà láti ọdún 1903, ènìyàn 8 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú wá láti ọdún 2018. 9 ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn 8 yìí, ẹnì kan tàbí méjì ni olórí. Ìránṣẹ́ ni àwọn yòókù. Àwọn ni wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ fún olórí, àwọn ni wọ́n ń padà sẹ́yìn lọ gba omi lọ́wọ́ ọkọ̀ àwọn ọ̀gá, bí táyà olórí bá sì jò, ìránṣẹ́ lè bọ́ tirẹ̀ fún un, kí òun dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Orúkọ tí àwọn Faransé ń pè wọ́n gan-an ni ọmọ-ọ̀dọ̀. Rédíò kékeré wà ní etí wọn tí àwọn ọ̀gá fi ń ti inú ọkọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ mìíràn sì wà lára kẹ̀kẹ́ tí ń sọ iye agbára tí ẹsẹ̀ wọn ń mú jáde.

Ikọ̀ tí ó mú ètò yìí dé góńgó ni Team Sky ti Bìrìtéènì, tí orúkọ rẹ̀ di Ineos ní ọdún 2019. Láti ọdún 2012 sí 2019, ìgbà 7 nínú 8 ni ẹni tí ó gba Tour de France ti inú ikọ̀ yìí jáde. Bí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, wọn a tò tẹ̀lé ara wọn bí ọkọ̀ ojú irin. Ẹni iwájú a máa gùn títí agbára rẹ̀ yóò fi tán, a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn a sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eré náà a le débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ ta jáde kò ní rí èémí tí yóò fi ta. Bí ẹnì kan bá sì ta jáde, wọn kì í fi ìwàǹwára lé e. Bí wọ́n ti ń bọ̀ náà ni wọn yóò máa bọ̀ títí àárẹ̀ yóò fi mú un.

Ní ọdún 2012, Chris Froome, tí wọ́n bí sí Nairobi ní Kẹ́ńyà, ń sin olórí rẹ̀, Bradley Wiggins, gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní La Toussuire. Ẹsẹ̀ Froome yá ju ti olórí rẹ̀ lọ ní ọjọ́ náà. Ó ta jáde. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ létí, ó sì dẹsẹ̀ dúró de olórí rẹ̀. Wiggins ni ó gba Tour ní ọdún náà, Froome ṣe ipò kejì. Nígbà tí ó kan òun náà láti jẹ́ olórí, ó gbà á ní 2013, 2015, 2016 àti 2017.

Ibi tí bàbá ti jàre

Ẹ̀yin òǹkàwé, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ẹ̀sùn aládùúgbò mi sẹ́yìn. Ikọ̀ tí ó lówó jù lè ra ẹni tí ì bá jẹ́ olórí níbòmíràn, kí ó sì sọ ọ́ di ìránṣẹ́. Ní ọdún 2023, Adam Yates ṣe ipò kẹta nínú Tour de France, inú ikọ̀ kan náà ni òun àti Pogačar, tí ó ṣe ipò kejì, sì wà. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó lè ṣe ẹ̀kẹta ní gbogbo ayé ni wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́! Nígbà tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí ojú kan, kí ni àwọn yòókù fẹ́ fi jà?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ayò ọlọ́pọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀ta ayò ti ka ọmọ inú ihò, ó sì ti mọ ohun tí ọwọ́ kẹta yóò bí kí ó tó ta ọwọ́ kìíní. Ètò ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn òǹwòran a pé lé e lórí, wọn a máa pariwo, wọn a sì máa fi ẹnu ta á. Kí ló dé tí kò sú wọn? Nítorí pé àwọn náà ń ka ọmọ ayò ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ta bá ń bá ọ̀pẹ ta, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi tú ká. Kì í ṣe ètò ni ó lé wọn lọ bí kò ṣe àìdọ́gba.

Nítorí náà, ohun tí ó sú aládùúgbò mi ní ọjọ́ Kigali kì í ṣe ètò. Agbára ẹnì kan ni ó ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ, kò sì sí ètò tí ó lè dá a dúró. Bí a bá fẹ́ rí ohun tí ètò lè ṣe sí irú agbára bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjọ́ 13, oṣù keje, ọdún 2022. Pogačar, tí ó ti gba Tour de France lẹ́ẹ̀mejì, ni ó wọ ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè. Ikọ̀ Jumbo-Visma ti Nẹ́dálàǹdì fi ẹni méjì tì í. Primož Roglič ta jáde, Pogačar lé e. Jonas Vingegaard ta jáde, ó tún lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lórí òkè Galibier. Nígbà tí wọ́n dé òkè Granon, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Vingegaard fi í sílẹ̀, ó sì gba ohun tí ó súnmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò ni èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì wà lára àwọn ọjọ́ tí àwọn olùfẹ́ eré náà kò lè gbàgbé.

Ètò sì lè tàsé. Nínú Òlíḿpíìkì Tokyo, ní oṣù keje ọdún 2021, àwọn obìnrin Nẹ́dálàǹdì ni gbogbo ayé ń wò. Anna Kiesenhofer, ará Ọ́stríà tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò, kò ní ẹlẹgbẹ́ kankan tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ó ta jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Kò sí rédíò létí ẹnikẹ́ni nínú Òlíḿpíìkì, àwọn alágbára sì gbàgbé pé ẹnì kan ṣì wà níwájú. Nígbà tí Annemiek van Vleuten dé òpin, ó nawọ́ sókè bí ẹni tí ó borí, kò mọ̀ pé wúrà ti lọ.

Ìránṣẹ́ tí a kò rí

Ìtàn tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Sepp Kuss, ọmọ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2023, ikọ̀ Jumbo-Visma gba eré ńlá ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Ítálì, ti Faransé àti ti Spéènì. Nínú méjì àkọ́kọ́, Kuss sin Roglič, ó sin Vingegaard. Nínú ti Spéènì, òun alára bọ́ síwájú, ó wọ ẹ̀wù olórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gun òkè Angliru, àwọn méjèèjì tí ó ti sìn fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú-àáyá 8 péré ni ó kù kí ẹ̀wù náà bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ariwo ta. Lẹ́yìn èyí ni ikọ̀ náà pinnu pé kí àwọn ọ̀gá wá sin ìránṣẹ́. Kuss ni ó gbà á, Vingegaard ṣe ìkejì, Roglič ṣe ìkẹta.

Ikọ̀ kan ṣoṣo ni ó kó ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìjẹgàba bá máa ń sú ni lóòótọ́, ó yẹ kí eré yẹn sú gbogbo ayé. Kò sú wọn, nítorí pé ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ ìbéèrè ẹ̀tọ́: ẹni tí ó ti sìn wá, ṣé a ó sin òun náà bí ọjọ́ rẹ̀ bá dé?

Inú ilé wa ni ìbéèrè yìí wà. Bí a bá ṣe wòlímọ̀, ọmọ tí ó wọ aṣọ funfun tí ó ń ka kéwú ni gbogbo ojú ń wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n sun ìdí iná mọ́jú ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tí ó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí àbúrò lè kàwé ńkọ́? Bí a bá ń wo eré kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a nawọ́ sí ẹni tí ó ń gba afẹ́fẹ́, kí a sì bi wọ́n léèrè pé: ta ni èyí ń ṣiṣẹ́ fún?

Ibi tí bàtà ti ta wá lẹ́sẹ̀

Láti Lokogoma, Pápá Ìṣeré Moshood Abiola kò jìnnà. Pápá eré kẹ̀kẹ́ wà nínú ọgbà rẹ̀, Àbújá sì gba àlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ orí pápá ti ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2022. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Ese Ukpeseraye ṣojú Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Paris. Eré ojú ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ yege fún. Nígbà tí àyè tún yọ fún un nínú eré orí pápá, kò ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sá a. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fáyé gbọ́, tí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ikọ̀ Jámánì tí ó yá a ní kẹ̀kẹ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ àyálò náà, ó sì sá eré rẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà, Biniam Girmay, ọmọ Ẹritíríà, gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France, ó sì gba ẹ̀wù àwọ̀ ewéko. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń gbé e dé ibi tí yóò ti sáré àsápa.

Èrò tèmi rèé. Kí àwọn aláṣẹ eré náà wá ọ̀nà tí owó kò fi ní kó gbogbo ọ̀ta ayò jọ sídìí ọpọ́n kan. Kí wọ́n sì bọ́ rédíò kúrò létí àwọn agunkẹ̀kẹ́ nínú eré púpọ̀ sí i, kí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè fi orí ara rẹ̀ ronú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ètò. Àwọn tí ètò ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù ni wọ́n lè sọ pé ètò sú àwọn. Àwa tí ọmọ wa yá kẹ̀kẹ́ gùn ní ìta gbangba kò tí ì dé ibi tí a ti lè sọ bẹ́ẹ̀.

Mo padà lọ sọ gbogbo èyí fún aládùúgbò mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ṣé ẹ wá ní kí n máa ka ọmọ ayò nídìí kẹ̀kẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní kí ó wá fi ẹni tí wọ́n ń pè ní ìránṣẹ́ yìí han òun nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń gùn ún. Ọmọ náà jókòó ti bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé láti orí afẹ́fẹ́.

Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ sáàárín ẹbí wa o. Ó di ìgbà mìíràn.