Ẹrù Rọpárọsẹ̀ Kì Í Ṣe Ẹrù Ẹnì Kan

Lóṣù yìí, a kò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ẹjọ́ ara wa ni a fẹ́ kọ́kọ́ rò.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń ṣiṣẹ́ òru. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, bí ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ gbé garawa omi, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ẹnu yí sápá kan, ọ̀rọ̀ sì pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn. Nígbà tí ó padà délé, àwa aṣojú òṣìṣẹ́ kó ara wa jọ, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a gbé mílíìkì àti èso dání, a fi owó sínú àpò ìwé. A gbàdúrà, a ya fọ́tò, a sì lọ sílé. A rò pé a ti ṣe ojúṣe wa.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé wọ́n ti fún ọkùnrin yìí ní kúẹ́rì méjì. Ọ̀kan jẹ́ nítorí pé ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, èkejì nítorí pé ó sùn nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí a pè é sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ láti gbọ́ tẹnu rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, oorun tí mi ò rí sùn lọ́sàn-án ló ń wá mi wá lóru." Bí ó bá ti dé láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀, òun ni yóò wẹ ìyàwó rẹ̀, òun ni yóò fún un lóúnjẹ, òun ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ fisiọ tí ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ọmọbìnrin wọn ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ó lè máa ṣọ́ ìyá rẹ̀.

Ojú tì wá. Ẹ̀rọ tí ọkùnrin yìí ń dúró tì lè gé ọwọ́ ènìyàn. Ká ní oorun yẹn gùn díẹ̀ sí i ni, aláìsàn méjì ni à bá máa bẹ̀ wò nínú ilé kan ṣoṣo.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: àìsàn rọpárọsẹ̀ kì í parí lọ́jọ́ tí dókítà bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń dá iṣẹ́ náà ṣe, òun náà yóò ṣubú. Ẹgbẹ́ tí ó lè pín ara rẹ̀ láti ṣọ́ ẹnu géètì tọ̀sán tòru nígbà ìyanṣẹ́lódì, ó lè pín iṣẹ́ yìí pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí a ń bá jà. Rọpárọsẹ̀ kì í ṣe àìsàn ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀. Inú ọpọlọ ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ọpọlọ, tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́ níbẹ̀, apá tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, iṣẹ́ tí apá náà ń ṣe yóò sì dúró. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ ọ́n: bí páìpù epo bá dí, ọkọ̀ kò ní lọ, bó ti wù kí táyà rẹ̀ dára tó. Àwọn kan a máa sọ pé ọfà ni wọ́n ta aláìsàn. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò gbàdúrà, kí ó máa gbà á nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, nítorí pé láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fún ènìyàn ní oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán ọpọlọ.

Nípa ìtọ́jú nílé, ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ni rọrùn láti mọ̀, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Ẹ má ṣe fa aláìsàn dìde ní apá tí ó rọ, nítorí oríkèé èjìká lè yẹ̀. Kí ó jókòó dáadáa kí ó tó jẹun, kí òkèlè kéré, nítorí oúnjẹ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá ń wúkọ́ nígbàkúùgbà tí ó bá ń jẹun tàbí mu omi, ẹ tètè sọ fún dókítà. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí egbò má baà dá sí i lára.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ya òmùgọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ lórí rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè tí ó lè fi orí dáhùn, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn. Ohun tí ó bá lè ṣe fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ó dè, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é. Eré ìdárayá tí fisiọ bá fún un, ojoojúmọ́ ni. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ara sábà máa ń tètè yí padà jù, ṣùgbọ́n ìyípadà kì í dáwọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró nítorí pé ara ti yá, torí ẹni tí ó ti ní i rí lè tún un ní.

Nísinsìnyí, kí ni ẹgbẹ́ yóò ṣe? Èkíní, ìbẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kan ti tó. Láti òní lọ, bí rọpárọsẹ̀ bá wọ ilé ọmọ ẹgbẹ́, a ó pín ọjọ́ láàárín ara wa fún oṣù mẹ́ta: ẹni tí yóò jókòó ti aláìsàn, ẹni tí yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ fisiọ, ẹni tí yóò ra oògùn bọ̀.

Èkejì, a ó gbé e lọ síwájú àwọn agbanisíṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò dá ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 pẹ̀lú owó lọ́dún, bí dókítà bá jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara tirẹ̀ le, tí ìyàwó tàbí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ńkọ́? Òfin náà kò ka ọjọ́ kankan fún un. Nítorí náà, nínú àdéhùn tí ń bọ̀, a ó bèèrè ọjọ́ ìtọ́jú, pípààrọ̀ wákàtí iṣẹ́ láìsí ìyà, àti iṣẹ́ tí kò le fún ọmọ ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá ń bọ̀ láti inú àìsàn yìí. Kúẹ́rì kì í wo oorun sàn.

Ẹ̀kẹta, òfin ìlera ti ọdún 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ilé iṣẹ́ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ wò ó bóyá orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí á má ṣe dúró di ìdájí tí a ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kiri.

Kí á sì tọ́jú ara wa. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Ghana, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Ọwólábí ti Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, tí ó jáde ní 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí ohun tí ó so mọ́ rọpárọsẹ̀ láàárín wa. Iyọ̀ bíbù sórí oúnjẹ, àìjẹ ẹ̀fọ́, sìgá àti ìjókòó-sójú-kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ tí ó ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, lọ rí dókítà.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ arákùnrin wa ti rí. Wọ́n ti gbà láti yí i sí iṣẹ́ ọ̀sán fún ìgbà díẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ń gba ọ̀sán jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ọmọ wọn ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin náà ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ti ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kúẹ́rì kan ṣì wà nínú fáìlì ọkọ rẹ̀. A kò ní sinmi títí wọn yóò fi yọ ọ́ kúrò.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ìwé ìpín-ọjọ́ wà lára pátákó ìkéde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ọ̀sán Ọjọ́rú àti ti Ọjọ́ Ẹtì ṣì ṣófo. Ẹ wá kọ orúkọ yín.