Alùpùpù Àtijọ́ Kì í Ṣe Orogún Ìyàwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bàbá mi kò ní ẹrú, aṣọ wọn náà kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, alùpùpù àtijọ́ mẹ́rin ni ó wà ní ilé wa ní Ìlẹ́ṣà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì péré ni ó ń rìn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ àwọn alùpùpù wọ̀nyí àti ti ìyá mi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọgbà yunifásítì yìí, lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ àti lẹ́nu olùkọ́ pẹ̀lú, pé ọkùnrin tí ó bá ń kó irú nǹkan báyìí jọ ti fẹ́ ìyàwó kejì. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i rí. N kò rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975 tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Udọ́jì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi í ra rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti alùpùpù. Bàbá bàbá mi, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ káńsù, ra Honda kékeré kan, irú èyí tí àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ tí obìnrin lè ró ìró kí ó sì jókòó sórí rẹ̀ láì gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú Honda yìí ní Japan. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2017, iye tí wọ́n ti ṣe ti kọjá ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Wọ́n ṣe é kí ọmọ tí ń gbé oúnjẹ kiri lè máa fi ọwọ́ kan wà á, ìdí nìyí tí kò fi ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ọwọ́ fà. Honda yìí ni bàbá mi jogún, òun ni ó sì kó àrùn náà ràn wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Suzuki kan dé, lẹ́yìn Suzuki ni Vespa tí kò ní táyà. Ní ọdún 2024 ni BSA dé, ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀.

BSA Bantam ni. Orúkọ adìyẹ kékeré kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìlú Birmingham ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣe é, láti ọdún 1948 títí di 1971, àwòṣe alùpùpù DKW ti ilẹ̀ Jámánì sì ni. Inú bẹntiróòlù rẹ̀ ni a ń po ọ́ìlì pọ̀ mọ́. Bí ẹni tí ó pò ó bá ṣe àṣìṣe, ẹ́ńjìnnì náà yóò jó. ₦350,000 ni bàbá mi rà á. Ẹ rántí pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 fi fò kọjá ₦500. Ọjà tí ó wà ní ìsọ̀ ìyá mi ti dín kù sí ìdajì ní àkókò tí mò ń wí yìí. Òrùlé iyàrá ẹ̀yìn ń jò. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé àjẹmọ́nú ìfẹ̀yìntì bàbá mi ni wọn yóò fi ra páànù. Owó páànù yìí ni owó BSA.

Bàbá mi pè mí sí ẹ̀yìn ilé. Wọ́n ní, “Bí ìyá rẹ bá bi ọ́, ₦80,000 ni.” Ìyá mi bi mí lóòótọ́. Mo wo ojú ìyá tí ó bí mi, mo ní, “Mọ́mì, ₦80,000 ni wọ́n rà á.”

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àṣírí fi tú. Ẹni tí ó ta alùpùpù náà ni ó wá ra iyọ̀ ní ìsọ̀ ìyá mi, ó ń dúpẹ́ pé owó náà ni òun fi san owó ilé ìwé ọmọ òun, ó sì dárúkọ iye rẹ̀. Ìyá mi kò pariwo. Wọ́n wọn iyọ̀ fún un, wọ́n gba owó. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní, “Bàbá wọn, ẹni tí ó ta irin fún yín ní kí n kí yín. Ó ní ₦350,000 náà pé.” Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, “ẹ káàárọ̀” àti “oúnjẹ ti wà nílẹ̀” nìkan ni bàbá mi ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Èmi ni wọ́n wá bi pé, “Ìwọ náà?” Ọ̀rọ̀ méjì péré. Kò tíì kúrò létí mi.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wá parí ìjà. Ó fẹ́ fi ẹ̀rín sí i, ó ní kí ìyá mi fara da orogún wọn. Ẹ gbọ́ èsì tí wọ́n fún un: “Bí ó bá jẹ́ orogún ni, wọn ì bá ti sọ fún mi kí ó tó wọlé.” Ọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀. Ṣé àwa tí a ń kọ́ nípa àṣà Yorùbá kò mọ̀ pé òótọ́ ni? Ọkùnrin tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kì í mú ìyàwó wọlé láì jẹ́ kí ìyálé gbọ́. Àwàdà tí a ń ṣe yìí kò tilẹ̀ bá àṣà tí a rò pé a fi ń ṣe é mu. Ìyá mi kò bá irin ṣọ̀tá rí. Honda ni bàbá mi fi ń gbé wọn lọ sí ọjà kí wọ́n tó bí mi. Irọ́ ni wọ́n ń bá jà.

Ní ti bàbá mi, wọ́n ní àwíjàre kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Wọ́n ní ṣé àwọn máa ń ka iye aṣọ tí ó wà nínú àpótí ìyá mi ni? Òótọ́ ni pé àpótí mẹ́ta ni, ẹtù wà níbẹ̀, sányán wà níbẹ̀, aṣọ ẹbí òkú tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́ wà níbẹ̀. Ìyá mi náà ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa aṣọ kan yọ nínú àpótí náà, wọn yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n rà á, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti rà á, àti iye rẹ̀ dé orí kọ́bọ̀. (Ọ̀rọ̀ náà máa ń gùn, ẹ bi àwọn àbúrò mi.) Aṣọ kì í sì í kán ọ́ìlì sílẹ̀.

Àwọn kan nínú wa yóò ní owó ọkùnrin, tirẹ̀ ni. Mo gbà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ ti ní àpò tirẹ̀, tí ìyàwó ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni èyí sì gbè. Owó páànù kò sí nínú àpò ẹnì kan. Ìyàtọ̀ tí bàbá mi kò ṣe nìyẹn.

Mo ka ìtàn kan nípa Soichiro Honda fúnra rẹ̀ tí mo sọ fún bàbá mi ní àsìkò ìjà yìí. Ní ọdún 1946, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó rí ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ológun ti ń lò fún rédíò, ó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere, ó ní kí Sachi ìyàwó rẹ̀ gùn ún wò. Lẹ́yìn náà, ó máa ń sọ pé àánú ìyàwó òun ni ó ṣe òun, bí ó ti ń fi kẹ̀kẹ́ wá oúnjẹ kiri. Sachi ní ọkọ òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin lè wà á ni. Ó wọ ṣòkòtò rẹ̀ tí ó dára jù lọ, ó gùn ún gba àárín ìlú, nígbà tí ó sì padà délé, epo ti ba ṣòkòtò náà jẹ́. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé èyí kò dára, àwọn oníbàárà yóò wá bá a jà. Honda a máa ní kí ó dákẹ́ bí ó bá ti ń sọ irú èyí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, “Ó fi hàn án kí ó tó tà á.”

Wọ́n ta Vespa. Wọ́n fi owó rẹ̀ kún owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì, wọ́n ra páànù. Wọ́n kó alùpùpù kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó lọ sí ilé ìdáná, nítorí pé òórùn bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ìkórìíra, ewu ni. Wọ́n fa epo inú èyí tí kò rìn jáde, wọ́n gbé agolo sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ìwé kékeré kan wà báyìí tí a ń kọ iye owó gbogbo nǹkan alùpùpù sí, ọwọ́ ìyá mi ni ó sì wà. Èmi ni mo kọ ₦350,000 sí ojú ewé kìíní, wọ́n dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán.

Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn àwọn òrìṣà yóò rán mi létí pé Ọya kọ Ògún sílẹ̀, ó bá Ṣàngó lọ. Ẹ má ṣe sọ fún mi pé irin ni ó lé e.

Bàbá mi ti ṣèlérí pé èmi ni Honda náà yóò kàn. N kò tíì ní ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti mọ̀ nípa rẹ̀, ó mọ iye tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́, ó sì ti sọ fún mi ní ibi tí òun kò fẹ́ kí n gbé e sí. Ní ti BSA, kò tíì rìn. Ìlú Ọba ni kabúrétọ̀ rẹ̀ yóò ti wá, náírà wa kò sì ran nǹkan lọ́wọ́. Ìyá mi ló pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n bi mí bóyá mo ti wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra, kí wọ́n má ṣe já mi jẹ.