Sinimá Ogun àti Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

A ti gbọ́ tí àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ń wí pé, ó yẹ kí a fi sinimá ọjọ́ mẹ́rin Naples, èyí tí Nanni Loy ṣe ní ọdún 1962, han àwọn ọmọ wa, kí wọ́n lè fi akíkanjú ọmọ inú rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe. A kò kọ̀ kí wọ́n wò ó. Ìdí náà ni a kò lè fara mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1943, lẹ́yìn tí Ítálì ti juwọ́ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ-ogun Jámánì gba Naples, wọ́n sì pàṣẹ kí àwọn ọkùnrin ìlú wá fún iṣẹ́ àfipáṣe. Wọ́n ń retí 30,000. Nǹkan bí 150 péré ni ó yọjú. Nígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ipá kó ènìyàn. Láti ọjọ́ 27 títí di ọjọ́ 30 ni ará ìlú fi bá wọn jà, tọkùnrin tobìnrin. Ní Vomero, wọ́n ní láti tú àwọn tí wọ́n há mọ́ pápá eré sílẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ̀nà jáde.

Ní ọjọ́ 29 ni ọta pa Gennaro Capuozzo, ọmọ ọdún 11, bí ó ti fẹ́ ju bọ́m̀bù lu ọkọ̀ ogun. Ìjọba fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú. Nínú sinimá yìí, a kò kọ orúkọ òṣèré kankan, nítorí ọ̀wọ̀ fún àwọn ajagun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn (èyí dùn mọ́ wa púpọ̀). Ṣùgbọ́n a kọ orúkọ Gennaro.

Ǹjẹ́ àgbà ha wà ní ọjà Naples ní ọjọ́ náà bí? Wọ́n wà, wọ́n ń jà, a kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ wí fún ọmọ kíláàsì kẹrin pé, "Ṣe bí ti rẹ̀," ọ̀ràn mìíràn nìyẹn! Ẹ̀yin pẹ̀lú mọ̀ bí ojú ọmọkùnrin ti í tàn nígbà tí a bá dárúkọ ìbọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ti gbẹ́ ti igi. Wúrà ni yóò rántí, kò ní rántí ìyá tí ọmọ kò padà wá bá.

Bí ẹ ó bá fi í hàn wọ́n, ẹ bi wọ́n léèrè pé: àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò yọjú, ilé ta ni wọ́n sá pamọ́ sí, ta ni ó sì ń gbé oúnjẹ fún wọn?