RAM Kọ́ Ló Ń Ṣe Ètò Àtijọ́

Ẹ jẹ́ ká sinmi ọ̀rọ̀ "lọ ra RAM sí i" yìí. Gbogbo ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ní ètò kan ń kú mọ́ òun lọ́wọ́, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún un: láptọ́ọ̀pù rẹ kò lágbára. Owó oúnjẹ oṣù kan á bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, 4GB á di 8GB, ètò náà á sì tún kú síbi tó kú sí lánàá.

Ibẹ̀ náà ni yóò máa kú sí. Odi tó ń forí sọ kò sí nínú láptọ́ọ̀pù, inú ètò náà ló wà.

Ẹ wo Turbo C++ tí wọ́n ṣì fi ń kọ́ wa. Ọdún 1990 ni Borland gbé e jáde, nígbà ayé MS-DOS. Ètò 16-bit ni, Windows 64-bit kò sì gba irú rẹ̀ wọlé mọ́, ìdí nìyí tí a fi ń fi DOSBox gbé e. DOSBox á ṣe bíi kọ̀ǹpútà àtijọ́: bí ẹ tiẹ̀ ní 16GB, 16MB ni yóò fi han ètò náà, àfi tí ẹ bá yí memsize padà. Ẹ yí i padà tán, ètò tí ẹ fi Turbo C++ kọ ṣì wà lábẹ́ òfin DOS. Ìlà àdírẹ́sì 20 ni ẹ̀rọ 8088 inú IBM PC ti 1981 ní, àdírẹ́sì tí ìlà 20 lè kọ kò sì ju 1,048,576 lọ, ìyẹn 1MB. IBM ya 384KB sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwòrán ojú kọ̀ǹpútà àti BIOS. 640KB ló kù.

Ẹ wo akólẹ́tà kan tí ìwé rẹ̀ gba nọ́ńbà ilé olójú mẹ́ta péré. Ẹ kọ́ ẹgbẹ̀rún ilé míì sí àdúgbò náà, kò ní rí nọ́ńbà wọn kọ. Ilé tuntun ni RAM tí ẹ lọ rà.

Ó tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báìtì 2 ni int nínú Turbo C++, array tí ẹ bá kéde lásán kò sì gbọ́dọ̀ ju 64KB lọ. Ẹ kọ int a[40000]. Báìtì 80,000 nìyẹn, "Array size too large" ni yóò pariwo. Ta ló ń ta RAM tó lè wo ìyẹn sàn?

Àwọn tó sá lọ sí Linux náà ń fi Wine yangàn. Wine kì í ṣe ẹ̀rọ àfarawé. Ńṣe ló ń dá ètò Windows lóhùn bí Windows ṣe ń dá a lóhùn, títí kan òfin rẹ̀. Ètò 32-bit kò ní ju 2GB lọ fún ara rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é bá fi àmì Large Address Aware sí i, ó lè dé 4GB lórí ẹ̀rọ 64-bit. Kò sí àmì? Ẹ fi 32GB sí i, pàbó ni.

Mo mọ̀ pé RAM wúlò fún ẹni tó ṣí ojú-ewé 30 nínú Chrome lórí 4GB. Ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Àwọn olùkọ́ kan ní inú ìhámọ́ 640KB lèèyàn ti ń gbọ́n. Ó dáa, ẹ kọ́ wa ní ìhámọ́ náà nígbà náà! Kò sẹ́ni tó ń kọ́ wa. Ohun tí wọ́n ń fún ní máàkì kíkún ni iostream.h, tí kò sí nínú òfin C++ ti 1998, tí g++ òde òní yóò sì kọ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, bí àbúrò bá béèrè, ẹ bi í kó tó náwó: bit mélòó ni ètò náà, iye wo ló sì dé kó tó kú? Lórí Linux, àṣẹ file á sọ ọ́: PE32 ni 32-bit, PE32+ ni 64-bit. Bó bá kú nítòsí 2GB nígbà tí RAM ṣì ṣẹ́ kù, ẹ gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó má ná an.

Ní ti ẹ̀ka wa, kí wọ́n fi g++ rọ́pò Turbo C++ kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé. Ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù 2GB sì lè gbé e.