Ènì Ni Rìsíìtì Alákàrà. Agbowó Ni Kí Ẹ Bi Léèrè

Àríyànjiyàn ti pọ̀ tó lórí bóyá ó yẹ kí ẹni tó ra pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tàbí àkàrà gba rìsíìtì. Àwọn kan ní kò sí owó tó kéré jù láti ṣírò. Àwọn mìíràn ní kí a tó kọ rìsíìtì tán, àkàrà á ti tutù. Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Èrò tèmi ni pé ọwọ́ ẹni tí kò yẹ ni a ti ń béèrè rìsíìtì.

Kí ni rìsíìtì wà fún? Ẹ̀rí ni, kí ọ̀rọ̀ má baà di "mo san án, o ò san án." Níwájú agbada ní Kabba, ẹ̀rí náà kò níṣẹ́. A sanwó, a gba àkàrà, a jẹ ẹ́, ọjà parí. Ènì tí ìyá alákàrà fi lé e ni rìsíìtì rẹ̀: òun ló ń sọ pé "mo mọ̀ yín, ẹ padà wá." Ẹni tó bá ń fi owó ọ́fíìsì ra ìpápánu, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀. Kí ó má fi iṣẹ́ akọ̀wé kún ti obìnrin tó ti ń lọ ẹ̀wà, tó ti ń po ìyẹ̀fun láti ìdájí.

Ibi tí rìsíìtì ti ṣe pàtàkì ni ibi tí owó ti ń kúrò lọ́wọ́ ìyá yìí bọ́ sọ́wọ́ agbowó-òde. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ọjà, ṣọ́ọ̀bù, ilé búrẹ́dì àti ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bójú tó. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ Kabba/Bunu kò jẹ̀bi bí ó bá gba owó tí òfin fọwọ́ sí. Àmọ́ bí ẹnìkan bá gbowó lónìí, tí kò fúnni ní ìwé tó ní orúkọ ìjọba, nọ́ńbà, ọjọ́ àti iye owó, kí ni yóò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti tún gba owó kan náà lọ́la? Alákàrà kò ní ẹ̀rí. Yóò tún san án. Orí àkàrà wa ni owó náà yóò sì já lé.

Ẹ rántí oṣù Kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí ìwé kan tàn kálẹ̀ pé wọn yóò máa gba owó lórí búrẹ́dì ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Ariwo sọ, ìjọba sì ní òun kò gbé irú owó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Ìwé tí a rí ni a fi lè bi ìjọba léèrè. Owó tí wọ́n gbà láìsí ìwé ńkọ́? Ta ni yóò jẹ́wọ́ rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin onírìsíìtì, ẹ fi alákàrà sílẹ̀. Bí agbowó bá bá yín nídìí agbada, ẹ bá ìyá náà béèrè pé: "Okun o, ìwé rẹ̀ dà?" Kí òun náà máa kó gbogbo ìwé tó bá gbà sínú ọ̀rá, kí epo má baà tó o. Ní ti àkàrà tèmi, ènì nìkan ti tó.