Agbowó-Òde Ayé Òde Òní: Èrò Mi Lórí Kánsù àti Àwọn Aládàáni

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jọ ọ̀rọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ èdè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ó dá lórí iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe tẹ́lẹ̀, ìbáà ṣe ti ọjà, ti gáréèjì, ti ilé ìpẹran tàbí ti ìdọ̀tí kíkó, tí kánsù wá fà lé aládàáni lọ́wọ́ kí wọ́n lè jọ máa pa owó níbẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ìtẹ̀síwájú, àwọn mìíràn ń pè é ní títa ìlú. N kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ méjèèjì, n ó sì sọ ibi tí mo dúró sí.

Àwọn àgbà tí wọ́n dàgbà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ayé òyìnbó mọ kánsù ní ojú. Ojú rẹ̀ ni wolé-wolé. Wolé-wolé yóò wọ kakí, yóò ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi, yóò yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, yóò yẹ ṣáláńgá wò. Onílé tí ilé rẹ̀ bá dọ̀tí di ẹni kọ́ọ̀tù. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ìyá wa, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n lè lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: wo ilé, wo ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ wá sọ orúkọ tí a fún aládàáni tí ó gba iṣẹ́ kánsù lónìí fún mi. Àwọn ará ọjà a kàn ní "àwọn kọngílá" tàbí "àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì." Ta ni wọ́n? Ta ni ó rán wọn? Ọdún mélòó ni wọn yóò lò? Orúkọ náà kò sọ fún wa.

Síbẹ̀, èdè wa ní orúkọ kan tí ó bá wọn mu ju bí a ti rò lọ. Orúkọ náà ni agbowó-òde. Gbogbo ẹni tí ó bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni ó mọ̀ ọ́n nínú Bíbélì: Mátíù agbowó-òde, àti Sákéù olórí agbowó-òde tí ó gun igi. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ìdí tí àwọn ènìyàn fi kórìíra wọn tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ Róòmù, ìjọba a máa ta ẹ̀tọ́ láti gba irú owó kan fún àwọn olówó. Ẹni tí ó bá dá iye tí ó ga jù ni yóò mú iṣẹ́ náà. Yóò san owó fún ìjọba, yóò sì lọ gba tirẹ̀ padà lọ́wọ́ ará ìlú pẹ̀lú èrè. Kọngílá ni wọ́n! Òwò tí à ń pè ní ìmọ̀ tuntun yìí ti ju 2,000 ọdún lọ.

Ọ̀yọ́ náà ní tirẹ̀. Oníbodè a máa gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní ẹnu ibodè, Samuel Johnson sì mẹ́nu bà wọ́n nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n oníbodè ní olóyè lórí, olóyè sì ní ọba lórí. Bí ó bá ṣe àṣejù, ẹni tí yóò bi í wà.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní ohun tí owó gbígbà lè fà. Ní oṣù keje ọdún 1969, nígbà rògbòdìyàn owó-orí tí a mọ̀ mọ́ Àgbẹ̀kọ̀yà, àwọn tí inú ń bí pa Ṣọ̀ún ìgbà náà. Ìtàn burúkú ni, n kò fẹ́ fà á gùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye owó nìkan ni ó bí àwọn àgbẹ̀ nínú nígbà náà. Ìwà ipá àwọn tí ń gba owó náà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ni òfin wí? Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 fi ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìdọ̀tí kíkó sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni. Àwọn alága kánsù a máa ní owó kò sí, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí pé àpò kan náà tí ó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni owó wọn ń gbà kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ tààrà fún wọn. Nígbà tí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020, kì í ṣe kánsù ni ó tún un kọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Kánsù tí kò lè tún ọjà kọ́ yóò máa wojú aládàáni, n kò bá a wí.

Òyìnbó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Òfin tí ìjọba Thatcher ṣe ní 1988 mú un ní dandan fún àwọn kánsù Gẹ̀ẹ́sì láti pe aládàáni wá du iṣẹ́ bíi ìdọ̀tí kíkó àti oúnjẹ ilé-ìwé. (Ọdún kan náà ni ìjọba ológun wa ṣe Òfin Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tirẹ̀ lórí títa ilé-iṣẹ́ ìjọba àti sísọ wọ́n di ti òwò. Bóyá afẹ́fẹ́ kan náà ni ó fẹ́.) Ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù fúnra wọn ní ẹ̀tọ́ láti du iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń borí. N kò tíì gbọ́ kí kánsù kan ní ilẹ̀ wa pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó kí ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ sọ iye tí ẹ lè fi ṣe é."

Ní Ìbàdàn, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ aládàáni jọ kọ́ ilé ìpẹran ńlá kan sí Amósùn ní Akínyẹlé. Ilé náà dára, ibẹ̀ mọ́ ju ibi tí àwọn alápatà ń lò ní Bódìjà lọ. Àwọn alápatà kọ̀, wọ́n ní ọ̀nà jìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, wọ́n fẹ́ fi agbára kó wọn kúrò ní Bódìjà, ìjà ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní Èkó pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n fa ìdọ̀tí ilé gbogbo lé ilé-iṣẹ́ Visionscape lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti àwọn akólẹ̀ àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àkìtàn gba ojú títì ní 2017 àti 2018.

Níbi tí mo dúró sí nìyí: ẹ fún aládàáni ní iṣẹ́, ẹ má ṣe fún un ní àṣẹ. Bí ẹnìkan bá kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ọjà Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń fọ̀ ọ́, tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó wọlé, òwò ni. Ẹni tí kò bá wù kò ní wọ̀ ọ́, bí ibẹ̀ bá sì ń rùn, owó yóò dínkù, òun náà yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tí ìyá elélùbọ́ kò lè kọ̀, tí wọn yóò gba òṣùwọ̀n rẹ̀ bí kò bá san án, kì í ṣe òwò rárá. Owó ìlú ni. Ẹni tí ìlú dìbò yàn, tí ìlú lè fi ìbò yọ, ni ó yẹ kí ó máa gbà á. Bí ọjà bá kún fún ìdọ̀tí, aládàáni tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ kò pàdánù kọ́bọ̀.

Èdè ìwé àdéhùn náà ni ó kàn. Gẹ̀ẹ́sì àwọn agbẹjọ́rò ni wọ́n fi ń kọ ọ́, Ìyálọ́jà tí ọ̀rọ̀ kàn jùlọ kò sì rí i kà. Abala 97 nínú ìwé òfin gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdè ìbílẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì bí ilé náà bá fọwọ́ sí i. Kí wá ni ó dí kánsù lọ́wọ́? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ yín nìyí. Ojú ìwé méjì ti tó: iye ọdún, iye owó tí ó ń bọ̀ sápò kánsù àti èyí tí ó ń lọ sápò aládàáni, ohun tí yóò mú kí àdéhùn fọ́, àti ọ́fíìsì tí ènìyàn lè gbé ẹjọ́ lọ. Kí wọ́n kà á sókè ní ọjà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ara ògiri níbi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì.