Ọ̀RỌ̀ ÀWA: ÈLÓ NI KÍ A TA LỌ́RÌ TÍ ÀTÚNṢE RẸ̀ KÒ PARÍ?

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń na ọ̀nà Ìlaròó sí Ọwọ́dé, ẹ̀yin tí ẹ ń jí lọ sí ilé iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òógùn ojú ni pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa tó ti fẹ̀yìn tì wá bá àwa ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ awakọ̀ ni bàbá náà fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ó ní lọ́rì Bedford àtijọ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ayétòrò. Láti ọdún 2016 ni ó ti ń fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, nítorí irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ ni ó fi kọ́ ọkọ̀ wíwà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n ti jó ṣáàsí rẹ̀. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, wọ́n sì ti tò ó padà. Ṣùgbọ́n kò tíì ní pákó ara, bíréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jẹrà. Owó ti tán lọ́wọ́ bàbá, ojú rẹ̀ sì ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ó fẹ́ ta ọkọ̀ náà.

Bàbá kó gbogbo rìsíìtì rẹ̀ jọ, ó ṣe ìṣirò wọn sórí bébà kan: ₦3,860,000. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ti wá wò ó, wọ́n ní ₦700,000 ni àwọn yóò san, níbẹ̀ náà ni àwọn yóò ti gé e sí wẹ́wẹ́. Inú bí bàbá. Ó bi wá pé: "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé iṣẹ́ gbogbo ọdún wọ̀nyí ló wá di ọ̀fẹ́ yìí?"

Ìgbìmọ̀ wa kò lè dá a lóhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Àwọn kan ní kí bàbá dúró lórí ₦3,860,000, kó má yẹsẹ̀. Àwọn kan ní kó gba owó àwọn onírin, kó lọ tọ́jú ojú rẹ̀. Lẹ́yìn tí a jókòó lé e dáadáa, a rí i pé ìmọ̀ràn méjèèjì kò tọ̀nà. A ń sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba nínú ìwé yìí nítorí pé bàbá nìkan kọ́ ló ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Káàkiri ilẹ̀ Yewa, Peugeot 504 wà lórí búlọ́ọ̀kù, Volkswagen ìjàpá wà nínú igbó ẹ̀yìn ilé, tí ẹni tó ni ín ń sọ lọ́dọọdún pé òun máa tó parí rẹ̀.

TA NI Ọ̀GÁ, TA NI ÒṢÌṢẸ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè bàbá. Òtítọ́ ni pé ẹni tó gba òṣìṣẹ́ sí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀, ìbáà jèrè, ìbáà má jèrè. Lórí èyí a kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra lọ́rì kì í ṣe ọ̀gá bàbá. Kò rán an níṣẹ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá, òun náà sì ni òṣìṣẹ́. Òógùn tó ti gbẹ kọ́ ni oníbàárà wá rà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ó wá rà, pẹ̀lú gbogbo wàhálà tó kù níwájú.

Àwọn wo wá ni òṣìṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbèjà nínú ọ̀rọ̀ yìí? A bi bàbá bóyá ó jẹ ẹnikẹ́ni lówó iṣẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ṣì jẹ mẹkáníìkì tó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, òun sì jẹ ọmọ jórinjórin tó jó ṣáàsí, ₦180,000 lápapọ̀. Àwọn nìyẹn! Owó tiwọn kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni yóò ná lọ́jà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá tà, èló yòówù kó jẹ́, tiwọn ni a ó kọ́kọ́ yọ. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀.

ÌṢIRÒ LÁTI ÒPIN

Rìsíìtì kò lè sọ iye tí ọkọ̀ tó. Owó tí bàbá ná ní 2016 àti èyí tó ná lẹ́nu àìpẹ́ yìí kì í ṣe owó kan náà. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ó ti kọjá ₦1,500. Bẹ́ríǹ tuntun tí bàbá rà ní 2017, tí kò tíì yọ nínú páálí, lè níye lórí lónìí ju iye tó rà á lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tó kùn ní ọdún kan náà, tó ti ń ṣí, kò níye lórí mọ́ rárá. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí bébà kan, a ń tan ara wa jẹ.

Ọ̀nà tó dára ni kí a bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti òpin. Ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ tó fún un. Èkínní, bí ọkọ̀ náà bá parí pátápátá, tó ń rìn, èló ni yóò tà? Kí a bi ènìyàn mẹ́ta tó mọ ọjà náà, kì í ṣe ẹnì kan. Èkejì, kí mẹkáníìkì, gbénàgbénà àti rẹwáyà kọ iye tí iṣẹ́ tó kù yóò gbà, ní owó òní. Ẹ̀kẹta, kí a yọ owó díẹ̀ sí i fún ohun tí ojú kò tíì rí, nítorí ọkọ̀ àtijọ́ kì í tán ní àṣírí.

Àpẹẹrẹ ni a fẹ́ fi èyí ṣe, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní lọ́rì tó parí yóò tà ní ₦6,000,000. Ká ní pákó ara àti òrùlé yóò gba ₦1,500,000, kí bíréèkì àti táyà gba ₦1,700,000, kí iná àti ọ̀dà gba ₦800,000. Ìyẹn jẹ́ ₦4,000,000. Ká fi ₦500,000 sílẹ̀ fún ohun tí a kò rí. Ohun tó kù ni ₦1,500,000. Òun ni iye tí ọlọ́gbọ́n oníbàárà lè san láìpa ara rẹ̀ lára. Ó kéré sí rìsíìtì bàbá gan-an, ṣùgbọ́n ó ju ìlọ́po méjì owó onírin lọ. Owó onírin ni ilẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ já bọ́ kọjá. Kò yẹ kó jẹ́ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà.

OHUN TÓ SỌNÙ WỌ́N JU OHUN TÓ BÀJẸ́ LỌ

Ilé iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lọ́rì Bedford ní 1931. Àwọn gbénàgbénà tiwa ló ń kan pákó lé e lórí, ìyẹn ló di bọ́lẹ̀kájà tí àwọn òbí wa fi kó kòkó àti èrò. General Motors tó ni Vauxhall nígbà náà ti fi iṣẹ́ lọ́rì náà sílẹ̀ láti nǹkan bí 1986 sí 1987. Nítorí náà, bí irin kan bá ṣẹ́ tó ṣì wà lọ́wọ́, àwọn agbẹ́rọ tiwa lè rọ irú rẹ̀. Bí ó bá sọnù, kò sí ohun tí wọ́n máa wò rọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ìdérí kàbùrétọ̀ ṣeré. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ẹ kọ orúkọ sí i lára, ẹ fi han oníbàárà.

Ti Peugeot 504 yàtọ̀. Ọdún 1968 ló jáde ní ilẹ̀ Faransé. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná, wọ́n sì ń tò ó lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn Faransé dẹ́kun ṣíṣe sálúùnù rẹ̀ ní 1983. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ ní Ládìpọ̀ ní Mushin àti ní Ọwọ́dé Onírin. Ẹni tó ní 504 tí kò parí lè rí i pé bí òun bá tú u tà ní ẹyọ-ẹyọ, yóò mú owó wọlé ju odindi lọ. Ṣùgbọ́n kó ro iye oṣù tí yóò fi jókòó tì í, kó sì rántí pé ohun tó dára jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ rà, pàǹtí yóò sì kù sí i lọ́rùn. Ní ti Bedford, ṣáàsí àti ìwé rẹ̀ ni ọkọ̀ gan-an. Bí a bá ti gé ìyẹn, ó tán.

TA NI YÓÒ RÀ Á?

Ẹ tún wo ibi tí sítíárìn wà. Àpá òsì ni a ń gbà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, tí àwọn ará Dahomey ń gba apá ọ̀tún. Àwọn àgbà awakọ̀ máa ń sọ fún wa bí wọ́n ti ń yí apá padà ní ẹnubodè Ìdírókò. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà náà bọ́ sí apá ọ̀tún. Lọ́rì bàbá ti ṣáájú ọjọ́ náà, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Mẹkáníìkì kan ti ń sọ pé kí àwọn gé e sí apá òsì kó lè yá tà. A ní kí wọ́n má ṣe é. Ẹni tó fẹ́ kó ẹrù lójú pópó kò ní ra Bedford àtijọ́ lónìí. Onísinimá ni yóò rà á, tàbí onílé ìtura tó fẹ́ kó dúró níwájú ilé rẹ̀. Sinimá October 1 tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2014, ọdún 1960 ni ìtàn rẹ̀ dá lé. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wá ọkọ̀ bí ó ti rí nígbà náà. Bí a bá gé sítíárìn, a ti fi owó wa ba ọjà wa jẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó ìlú òyìnbó tàn yín. Ní Beaulieu nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1967 ni ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ ti ń wáyé, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pàdé. Oníbàárà pọ̀ níbẹ̀. Lábẹ́ igi máńgòrò ní Ayétòrò, ẹni tó bá wá wò ó ni oníbàárà wa.

ÌWÉ, Ẹ̀RÍ ÀTI ÒTÍTỌ́

Ẹnubodè ni a wà. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti dá gbígbé ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ dúró. Wọ́n tún ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdírókò padà. Kò sí ọkọ̀ tó ń kọjá ní ọ̀nà wa tí kọ́sítọ́ọ̀mù kò lè dá dúró. Ọkọ̀ tí kò ní ìwé, ẹ̀rù yóò ba ẹni tó fẹ́ gbé e lọ, iye rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Kí á tó dárúkọ owó, kí á wá ìwé ọkọ̀, kí á wò ó bóyá nọ́ńbà ṣáàsí bá ohun tó wà nínú ìwé mu.

Lẹ́yìn náà, kí á sọ òtítọ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Lórí ọkọ̀ tí kò parí, irọ́ ló máa ń kùtà. Ẹ kọ ohun tí ẹ ti ṣe sí ojú kan bébà, ẹ kọ ohun tí ẹ kò tíì ṣe sí ojú kejì. Ẹ má fi ọ̀dà bo ìpẹtà, nítorí oníbàárà tó bá họ ọ́ kan irin tó ti jẹ kò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Bí ẹ bá lè mú kí ẹ́ńjìnnì dún níwájú rẹ̀, ìdún kan ṣoṣo yẹn yóò ṣe ju rìsíìtì ogún lọ.

Bí ẹ bá gbà á tán, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ìwé pé bí ọkọ̀ ti wà ni ó rà á. Kí owó wọlé pátápátá kí ọkọ̀ tó kúrò. Ẹ má gba "màá san ìyókù lóṣù tó ń bọ̀". Kí ìwé ọkọ̀ má sì sùn lọ́wọ́ alágbàtà.

IBI TÍ A BÁ A DÉ

A jókòó pẹ̀lú bàbá ní ọjọ́ Àìkú méjì. A ṣe bébà tuntun. Yóò pè é ní ₦1,800,000, jálẹ̀ rẹ̀ ni ₦1,400,000. Ó wo bébà náà títí, ó sì ní: "Ó dùn mí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó yé mi." Kò ya rìsíìtì rẹ̀. Ó ní òun yóò fún ẹni tó bá rà á, kó lè mọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí i. Ìyẹn náà dára, nítorí ibi tí rìsíìtì ti wúlò nìyẹn.

Ẹ̀ka wa yóò rán ènìyàn méjì láti ṣe ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ títà, wọn yóò sì rí i pé ₦180,000 dé ọwọ́ àwọn ọmọ méjèèjì kí bàbá tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí a ṣe fún bàbá, a ṣe tán láti ṣe é fún ọmọ ẹgbẹ́ yòówù tó bá wá.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín wà lábẹ́ igi, ẹ lọ wò ó ní ọjọ́ ìsinmi yìí. Bí ẹ bá lè parí rẹ̀, ẹ dá ọjọ́, ẹ parí rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè parí rẹ̀, ẹ díye lé e nísinsìnyí tí ṣáàsí ṣì le. Òjò kì í bá irin ṣọ̀rẹ́, ọdọọdún ló sì ń yọ tirẹ̀ nínú owó tí ẹ kò tíì gbà.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.